Kí Jamilah Tó Gun Òkè Erékùṣù Náà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Maple Hollow,
                                        Glenarden,
                                        Maryland.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Túndùn, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà aṣọ nọ́ọ̀sì,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Báwo ni bàbá Jamilah, ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fúyẹ́ díẹ̀? Báwo ni Kabir? Ṣé ó ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bí wọ́n bá ti ní kó wá fọ abọ́? O kú ooru Houston tí kì í tán, o sì kú iṣẹ́ alẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ewé igi ti ń pọ́n, ó ti ń já sílẹ̀, òtútù òwúrọ̀ sì ti ń gba inú aṣọ wọlé. Ara mi le, a dúpẹ́. Ṣé o rí i bí mo ṣe kọ ọ́ wẹ́rẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́, ì báà ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù la wà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kì í sùn dáadáa, ẹ̀yìn ń dùn mí, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ọsibítù, tí mo máa ń sunkún kí n tó wọlé lọ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o ká ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. O ní ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ lo ìsinmi oṣù Kejìlá ní Hawaii, ní erékùṣù ńlá tó ní òkè ayọnáyèéfín, o sì ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti débẹ̀ rí, kí n sọ àwọn ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ débẹ̀ kó má rí. Ìyẹn kò le. O tún ní kí n bá ọ pe àwọn amọ̀nà tó gbé wa gun òkè, kí wọ́n fi àyè yín pamọ́, ṣùgbọ́n kí n má dá ọ̀rọ̀ Jamilah sílẹ̀ rárá, torí pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti dùbúlẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú aláìsàn wo ọmọ yín. Ohùn rẹ ń dún bí ti ẹni tínú rẹ̀ dùn. Ó ṣe mí bíi kí n pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá ti lanu, wàá ti sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” wàá sì yí ọ̀rọ̀ padà sí aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ síbi ìkómọ. O kò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé ibẹ̀ ni Kọ́ládé àbúrò mi kú sí lọ́dún tó kọjá. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìkéde tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín ni pé ó kú lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí o lè wá síbi ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ju ìyẹn lọ fún ọ. Máa kà á lọ, màá sọ bí àìsàn náà ṣe ráńpẹ́ tó fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o bi mí, torí pé erékùṣù náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àádọ́ta ọdún tí Kọ́ládé pé ló gbé wa lọ. Àwa tí a lọ ni òun, Felicia ìyàwó rẹ̀, èmi opó tí wọ́n ní kí n má dá jókòó sílé, àti tọkọtaya méjì láti inú ìjọ wa ní Glenarden níbí. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí bí bàálù bá ń balẹ̀ ní Kona ni òkúta dúdú, lọ súà, kò sí koríko, kò sí igi. Ilẹ̀ ló yọ́ nígbà kan, ó ṣàn, ó sì dì síbẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́. Felicia bi wá bóyá ibi tí wọ́n ní ó lẹ́wà náà nìyí. Ẹ ní sùúrù, ẹ wakọ̀ lọ sí apá gúúsù, sí etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní Punaluu, níbi tí iyanrìn ti dúdú bí èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná. Àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá síbẹ̀ láti yáàrùn. Wọ́n tóbi, wọn kò sì ka ẹnikẹ́ni sí. Ẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn, ẹ kò sì gbọdọ̀ bu iyanrìn náà lọ sílé. Kọ́ládé dúró lókèèrè, ó tẹrí ba fún èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìsinmi o,” gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Bí mo bá fẹ́ rántí rẹ̀ láìsunkún, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ní apá kejì erékùṣù náà, níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ lemọ́lemọ́, omi kan wà tó ń já láti orí àpáta, Akaka ni wọ́n ń pè é. Ṣé o rántí Olúmìrìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí a lọ síbẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí bàtà rẹ kan bá omi lọ, tí o fi ẹsẹ̀ kan tiro dé inú bọ́ọ̀sì? Ti Akaka kì í sinmi lójú ọ̀nà rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń já títí dé ìsàlẹ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń wọ inú àyà ènìyàn. Ọparun ló kún ojú ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ tètè lọ lówùúrọ̀ kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tí kò ní bọ́ lẹ́sẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí.

Kilauea, òkè ayọnáyèéfín gan-an, ni gbogbo ayé ń torí rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òkè ṣóńṣó bí a ti rò ó. Kòtò ràgàjì kan ni, tí ìlú kan lè wọ inú rẹ̀. Láwọn ìgbà kan, iná pupa máa ń tú jáde níbẹ̀. Nígbà tiwa, èéfín nìkan la rí, ó sì tó. Lẹ́bàá ọ̀nà, ooru ń gba inú ihò ilẹ̀ jáde, ìmí rẹ̀ ń rùn bí imí ọjọ́. Ihò gígùn kan tún wà lábẹ́ ilẹ̀ tí iná ṣàn gbà kọjá láyé ọjọ́un, a rìn nínú rẹ̀, omi ń kán sí wa lórí. Níbi tí èéfín ti ń jáde, wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ pé kí àwọn aláboyún àti àwọn tí ọkàn tàbí èémí wọn kò dá ṣáká má ṣe dúró síbẹ̀. Kọ́ládé ka pátákó náà sókè ketekete bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá ní, “Kò kàn wá. Next!” Mo wojú rẹ̀, òun náà wojú mi, ó sì mójú kúrò.

Túndùn, ìwọ náà mọ ìdí tó fi mójú kúrò, torí pé ìwọ lo bá mi gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. SC ni Kọ́ládé. Síkùlà ni. Mo ti kọ ọ́, ọwọ́ mi kò sì rọ. Nínú ilé wa ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn. “Ọ̀rọ̀ yẹn” ni màmá wa máa ń pè é. Bí egungun bá ń ro ó tó ń ké, ibà la máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé ó ń ṣe é. Dókítà kan ti sọ fún màmá wa pé ọmọ náà kò ní dàgbà, màmá sì gbà pé bí a kò bá fi ẹnu pè é, kò ní mọ ọ̀nà ilé wa. Màmá kì í ṣe òpònú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀rù yẹn ni Kọ́ládé jogún, ó gbé e wá sí Amẹ́ríkà, ó gbé e wọ inú àdúrà, ó wá ń pè é ní ìgbàgbọ́. Ó rí iṣẹ́ ìjọba sí DC, ó ra ilé sí Seat Pleasant, kì í sì lọ rí dókítà àfi bí ìrora bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Nínú ìjọ wa, kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rí tó máa ń jẹ́ pọ̀: ẹ̀rí ìwé ìgbélùú, ẹ̀rí ilé, ẹ̀rí ọmọ. Kò jẹ́ ẹ̀rí èyí rí.

Òkè kejì ni Mauna Kea, òun ló ga jù ní gbogbo erékùṣù náà. Òjò dídì máa ń bo orí rẹ̀ nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré ni àwọn amọ̀nà máa ń fi gbé àlejò lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, n kò ní ṣàlàyé jìnnà: níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dín kù tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ irú ti Kọ́ládé á bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, á máa so mọ́ra, á sì dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, amọ̀nà wa, ọmọ erékùṣù náà kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kó gbogbo wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, ó wá béèrè pé ta ló ní àìsàn ọkàn, ta ló ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ta ló ní àìsàn ẹ̀jẹ̀, ta ló lóyún.

O mọ àwa ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo ẹnu ló dáhùn pọ̀, bí ìgbà tí pásítọ̀ bá ní kí a ké àmín. “We are strong! No sickness in Jesus’ name!” Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé orin la fẹ́ kọ. Mo fi Yorùbá sọ fún Kọ́ládé pé kó sọ̀rọ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà náà ni mo sọ ọ́ fún amọ̀nà náà fúnra mi. Mo ní àbúrò mi yìí ní síkùlà, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní kò yẹ kó gòkè.

Àwọn tọkọtaya méjèèjì ń wo ilẹ̀. Felicia fà mí lápá, ó ní, “Àǹtí, please, please. Ẹ má fi ẹnu yín fa nǹkan sórí ọkọ mi. On his birthday!” Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu amọ̀nà náà. Ó yíjú sí Kọ́ládé, ó bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, torí pé àwọn kì í gbé ẹni tó bá ní in kọjá ìdajì òkè; ṣùgbọ́n bí Kọ́ládé fúnra rẹ̀ bá ní òun kò ní in, òun á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Kọ́ládé gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní kó má bínú, ẹ̀gbọ́n òun yìí ló tọ́ òun dàgbà, ọmọ kékeré ló ṣì ń fi òun pè. Ó wá ní, “I don’t have it.” Wẹ́rẹ́ báyẹn. Àbúrò mi tí mo fi aṣọ gbígbóná jó egungun rẹ̀ láti kékeré wo ojú àjèjì, ó ní òun kò ní in.

Kí ni kí n tún ṣe? Bàbá àádọ́ta ọdún ni. Mo bá wọn wọ ọkọ̀, torí pé bí mo bá dúró sísàlẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tó ń ṣe é bó bá bẹ̀rẹ̀? Mo bínú débi pé n kò wo ìta títí a fi dé ibùdó kan ní ìdajì ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti máa ń dúró kí afẹ́fẹ́ náà lè mọ́ àlejò lára. Mo tún bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí èmi àti òun jókòó, kí a mu tíì, kí àwọn yòókù lọ wò ó wá. Ó ní, “Àǹtí mi, wọ́n ní n kò ní pé ọmọ ogún ọdún. Ibi tó ga jù ni mo fẹ́ dúró sí, kí wọ́n lè rí mi.” Mo bi í pé àwọn wo. Ó padà sínú ọkọ̀. Dókítà yẹn ti kú tipẹ́, màmá wa náà ti lọ.

N kò tí ì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, Túndùn, màá sọ ìyẹn náà. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ìkúùkù wà, ó tẹ́ lọ bí òwú tí wọ́n sá, oòrùn sì ń rì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n. Òtútù mú wa dé egungun. Kọ́ládé na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi ń dà lójú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí n kò ti rí i rí. Inú mi náà fẹ́ máa dùn sí i. Ìgbà náà ni mo rí i tó tẹ ìgbọ̀nwọ́ òsì mọ́ ìhà rẹ̀, tó sì tẹ̀ díẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí ẹni tó ní SC ń di ìhà òsì mú fún: ẹ̀jẹ̀ ti ń dí ọ̀nà níbẹ̀ nìyẹn. Mo sáré tọ̀ ọ́. Ó ní gáàsì ni, pé oúnjẹ tí òun jẹ lọ́sàn-án ni. Felicia ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn ará ìjọ yí i ká, wọ́n ń bá ẹ̀mí àìrí jà, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí a ti máa sáré lọ. Mo pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Amọ̀nà náà ló là wọ́n kọjá, ó gbé afẹ́fẹ́ inú àgbá sí i nímú, ó sì wà wá sọ̀kalẹ̀.

Ní ọsibítù tí a gbé e dé, dókítà obìnrin kan béèrè àìsàn tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìrora kò jẹ́ kí Kọ́ládé lè sọ̀rọ̀. Felicia ni wọ́n bi, ó sì ní kò sí, kò sí nǹkan kan, ara ọkọ òun le. Kò wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́. Mo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ òótọ́, mo sọ ọ́ sókè, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ láti kékeré. Dókítà náà ṣe kíá. Wọ́n fún un lẹ́jẹ̀, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí èmi àti ìwọ ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó so mọ́ra náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́jọ́ kejì ó la ojú, ó di ọwọ́ mi mú, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ tàbí ti ìyàwó ló fẹ́ bá mi sọ. Ó bi mí bóyá àwọn ará ìjọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn, ó kú kí ọjọ́ náà tó ṣú.

A gbé e padà wá sí Maryland, a sin ín. Felicia ní kí wọ́n kọ “àìsàn ráńpẹ́” sínú ìkéde. Mo ní kí wọ́n kọ òótọ́, pásítọ̀ sì ní kí n fi opó sílẹ̀ kó sinmi, bí ẹni pé èmi kì í ṣe opó. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wa lọ rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan gbà pé ẹni tó bá mú òkúta kúrò ní erékùṣù náà yóò rí ìjà òkè. Ó parí. Wọ́n wá sílé ní Seat Pleasant, wọ́n tú àpótí Kọ́ládé, wọ́n yẹ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò, wọ́n gbọn bàtà rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Àwọn ènìyàn tó kàwé, ẹnjiníà kan, olùkọ́ yunifásítì kan, wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wá òkúta tó pa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa. Wọn kò rí òkúta kankan.

Nígbà tí òkúta kò sí, ẹnu mi ló kù. Felicia ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ara ọkọ òun dá ṣáṣá títí di ìgbà tí mo fi ẹnu mi pe àìsàn lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni mo pè é. Felicia kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá kọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá kan máa ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, wọ́n á wá kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó dùn mí, Túndùn. Ó dùn mí wọ egungun, inú sì tún ń bí mi. Mo pàdánù àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní, wọ́n sì sọ mí di ẹni tó pa á. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn lọ́la, màá tún sọ ọ́.

Ìyẹn ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí. Ìwọ àti Moshood kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ẹ kò mọ pásítọ̀ wa, mọ́ṣáláṣí lẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. “Alhamdulillah, ó ti kọjá” tí o sọ nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, Kọ́ládé ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Kò tíì kọjá. SC ni Jamilah, bí Kọ́ládé ti jẹ́ ẹ. Bí aláìsàn kan bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọ ní wọ́ọ̀dù, ìwọ tí mo mọ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò gbọ́ ohùn rẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ tìrẹ ni wàá kọ́ ní ìpamọ́?

Nítorí náà, ẹ lọ wo àwọn ìjàpá ní Punaluu. Ẹ lọ sí Akaka. Ẹ lọ wo kòtò Kilauea, kí Jamilah má dúró níbi tí èéfín wà, kó máa mu omi dáadáa, kó sì wọ aṣọ òtútù. Kó rí dókítà rẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù. Mauna Kea, rárá. Bí Kabir àti bàbá rẹ̀ bá fẹ́ gùn ún, kí wọ́n gùn ún, kí ìwọ àti Jamilah dúró sísàlẹ̀. Mo ti pe àwọn amọ̀nà náà bí o ṣe ní kí n pè wọ́n. Wọ́n ti fi àyè pamọ́ fún ẹni méjì péré, torí pé mo sọ fún wọn. Mo dárúkọ ọmọ náà, mo sì dárúkọ ohun tó ń ṣe é. O lè bínú sí mi. O lè má gbé fóònù mi mọ́ bíi ti Felicia. Màá sunkún, ṣùgbọ́n n kò ní pe àwọn amọ̀nà náà padà.

Bá mi kí Moshood, ní kó máa fi òróró gbígbóná ra orúnkún yẹn, kó sì yé gun àjà. Kí Kabir fún mi, sọ fún un pé Yorùbá ni màá fi bá a wí nígbà tó bá wá síbí. Bí o bá pe màmá yín ní Ìṣẹ́yìn, sọ fún wọn pé mo rí aṣọ òkè tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbà, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wọn sí.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì wúwo jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Jamilah wọ ọkọ̀ láti yunifásítì rẹ̀ ní College Park wá jẹun lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ Kọ́ládé fún un, gbogbo rẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ fún ọ. Ó fi ṣíbí sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí o ń kà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, Túndùn. Láàárín sáà ẹ̀kọ́ yìí nìkan, ìrora náà ti mú un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú yàrá tó gbà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi ìrọ̀rí dí ẹnu kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé má bàa gbọ́. Tí kò bá lè lọ sí kíláàsì, á ní nǹkan oṣù òun ló ń ro òun nínú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè ọ́. Ó ní inú rẹ ń dùn púpọ̀, òun kò fẹ́ bà á jẹ́. Mo ní kó sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é fún mi, lẹ́ẹ̀kan péré, níbi tí a jókòó sí. Ó ní, “Big Mummy, but what if mo sọ ọ́, and then it happens?” Mo ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, ọmọ mi. Wọ́n bí i mọ́ ọ ni.” Ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun lọ. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́, ó kọ́kọ́ bojú wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ìwọ lo fẹ́ wọlé.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ni mí, bí o bá bínú, bí o kò bá bínú,

                                        Adérìnsọ́lá